Agbára Ẹsẹ̀ Lórí Búréèkì

  Ẹ̀yin awakọ̀ agbègbè Adja-Ouèrè àti Ikpinlè tí ẹ ń gbọ́ wa lórí ìrìn, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ kò tíì palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ yín la gbé dání lónìí. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń wọkọ̀ lọ sọ́jà, ẹ má yí rédíò kúrò. Ẹ̀mí yín wà nínú ohun tí a fẹ́ sọ.

Búréèkì ni. Inú búréèkì náà, ohun méjì péré la máa gbé yẹ̀ wò: sẹ́fò àti máṣítà. Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kékeré, ẹ wo ọ̀gangan ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Ẹ ó rí irin rogodo dúdú kan tó fara ti ògiri tó pààlà láàrin ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀. Sẹ́fò nìyẹn. Irin róbótó tó yọ jáde ní iwájú rẹ̀, tí ike òróró búréèkì jókòó lé lórí, òun ni máṣítà. Àwọn ará wa tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń sọ Faransé á pè é ní maître-cylindre. Ohun kan náà ni.

Kí ló dé tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá? Ẹ wo ọkọ̀ tó pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Ọkọ̀ kékeré tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè ni wọ́n: Peugeot 205 tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1983, Golf 3 tó jáde lọ́dún 1991, Toyota Starlet àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn òyìnbó lò wọ́n títí, wọ́n kó wọn wá sí èbúté Kútọnu, a rà wọ́n, a sì ń fi wọ́n jẹun. Èèyàn márùn-ún ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Àwa ń kó méjì síwájú, mẹ́rin sẹ́yìn, awakọ̀ ṣìkeje. Gàrí, àgbàdo àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa tún wà nínú búùtù. Búréèkì tí wọ́n ṣe fún ẹrù díẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn wá ń dá ẹrù ńlá dúró ní ọ̀nà Ikpinlè sí Ìpóbẹ̀, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé sìmẹ́ǹtì láti Onigbolo ti ń bọ̀ níwájú, tí ọlọ́kadà sì ń yọ ní ẹ̀gbẹ́.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sẹ́fò àti máṣítà tó bá ọkọ̀ wọn wá, tí wọ́n ń wá èyí tó tóbi jù ú lọ lára ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára, tí wọ́n sì ń dè é mọ́ ti wọn. Ṣé ó dára? Ó dára, bí ẹni tó ṣe é bá mọ ohun tó ń ṣe. Àmọ́ sẹ́fò àti máṣítà, ńṣe ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. A kì í fi ọ̀kan tó tóbi síi ká má wo èkejì, a kì í sì í fi wọ́n bo àléébù tó wà níbòmíràn nínú búréèkì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn ti fi owó ra ewu.

Ẹ jẹ́ ká mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Irin tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ gùn lápá ìsàlẹ̀, ó kúrú lápá òkè, gígùn yẹn sì ń sọ agbára ẹsẹ̀ di púpọ̀. Bí ẹ bá fi agbára 20 kílò tẹ̀ ẹ́, ó lè di nǹkan bí 80 kílò kí ó tó kan sẹ́fò. Nínú sẹ́fò, awọ rọ́bà kan pín inú rẹ̀ sí yàrá méjì. Họ́ọ̀sì kan ti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ símú wá sínú rẹ̀, nítorí náà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá méjèèjì jáde. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ búréèkì, ilẹ̀kùn kékeré kan á ṣí, afẹ́fẹ́ ìta á rọ́ wọ yàrá tó wà lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, á sì ti awọ rọ́bà náà síwájú. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká yìí náà ló ń bá ẹsẹ̀ yín tẹ búréèkì. Ọkọ̀ tó ń lo dísù ní ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ náà.

Agbára méjèèjì, ti ẹsẹ̀ àti ti sẹ́fò, á wá ti písítìnì inú máṣítà. Písítìnì á ti òróró. Òróró kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, nítorí náà bí a bá ti tì í níhìn-ín, kíá ló ti dé ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Yàrá méjì ló tún wà nínú máṣítà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà, yàrá kan ń bọ́ táyà iwájú òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún, èkejì ń bọ́ iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì. Bí páìpù kan bá bẹ́, ìdajì búréèkì á ṣì kù.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Malcolm Loughead, gba ìwé àṣẹ lórí búréèkì olóróró lọ́dún 1917, ilé iṣẹ́ Duesenberg sì fi irú rẹ̀ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ wọn lọ́dún 1921. Láàrin àwọn ọdún 1920 yẹn náà ni ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Albert Dewandre, gbé sẹ́fò tó ń lo agbára afẹ́fẹ́ jáde, tí ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì sì gbà á ṣe. Ìdí tó fi tàn kálẹ̀ ni pé ọkọ̀ ń wúwo sí i, eré ń pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn sì wà bó ṣe wà.

Ẹ wo ìyá ọlọ́jà tó fẹ́ gbé agbọ̀n ẹrù ru. Ẹnì kan á bá a gbé e dé orí. Olùrànlọ́wọ́ yẹn kò dín ẹrù kù, kò sì ní bá a rìn dé ilé. Ọrùn ìyá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbé ẹrù náà délé. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́fò rí. Ó ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe táyà. Páàdì tó ti jẹ tán, dísìkì tó ti tẹ́ẹ́rẹ́, táyà tí ojú rẹ̀ ti dán, sẹ́fò tó tóbi jù lọ láyé kò lè tún un ṣe. Níbi tí táyà ti kan ilẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń dúró.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtifi èyí tó tóbi síbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá èyí tó wà níbẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ lè ṣe àyẹ̀wò yìí fúnra yín lójú kan náà tí ọkọ̀ dúró sí, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Àkọ́kọ́: ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ búréèkì léraléra títí yóò fi le. Ẹ fi ẹsẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Bí sẹ́fò bá dára, ẹsẹ̀ yín á rọra wọlẹ̀ díẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbà. Bí kò bá mira, sẹ́fò ti bàjẹ́, tàbí họ́ọ̀sì rẹ̀ ti là, tàbí ilẹ̀kùn kékeré tó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ ẹnu họ́ọ̀sì náà ti kú. Ẹ yẹ họ́ọ̀sì wò kí ẹ tó ra sẹ́fò, nítorí họ́ọ̀sì ni owó rẹ̀ kéré jù.

Èkejì: ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ búréèkì, ẹ fi ẹsẹ̀ lé e fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí ẹsẹ̀ bá ń rọra lọ sílẹ̀, tí ẹ kò sì rí òróró tó ń jò ní ìdí táyà kankan, rọ́bà inú máṣítà ti jẹ. Òróró ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì padà sẹ́yìn. Máṣítà bẹ́ẹ̀ lè dá yín lóhùn lówùúrọ̀, kí ó má dá yín lóhùn lọ́sàn-án.

Ẹ̀kẹta: ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹ bá tẹ búréèkì tí ẹ gbọ́ ṣíì-ṣíì lẹ́bàá ẹsẹ̀, tàbí tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó lè jẹ́ pé awọ rọ́bà inú sẹ́fò ti ya.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ tòní. Bí òróró bá ń dín nínú ike, tí kò sì sí ibi tó ti ń jò síta, ẹ wo ibi tí máṣítà ti fara kan sẹ́fò. Bí ibẹ̀ bá tutù, tí ọ̀dà ara sẹ́fò sì ń bó, inú sẹ́fò ni òróró ń lọ. Òróró búréèkì kì í ṣe ọ̀rẹ́ awọ rọ́bà yẹn, á bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í fi pààrọ̀ máṣítà tó jò láìyẹ sẹ́fò wò.

Ó dáa. Ká ní ohun gbogbo tó kù dára: páàdì tuntun, dísìkì tó nípọn, táyà tó lójú, páìpù tí kò dógùn-ún. Ẹni tó ni ọkọ̀ ti fi búréèkì iwájú tó tóbi síi, tàbí ó ti fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù síi, tàbí ẹrù ló ń kó lójoojúmọ́. Ó wá fẹ́ pààrọ̀ sẹ́fò àti máṣítà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó pa pọ̀.

Sẹ́fò kékeré tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 7, ìyẹn nǹkan bí 178 mìlímítà. Èyí tó tóbi jẹ́ ínǹṣì 9, nǹkan bí 229. Ìyàtọ̀ ínǹṣì 2 dà bí ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n ojú awọ rọ́bà ni afẹ́fẹ́ ń tì. Ojú ti ínǹṣì 9 fi nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ju ti ínǹṣì 7 lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa afẹ́fẹ́ dáadáa, èyí kékeré lè fi tó 170 kílò kún agbára ẹsẹ̀, èyí ńlá lè fi tó 280 kún un.

Ẹ wá wo máṣítà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yìí ní písítìnì tó fẹ̀ ní mìlímítà 20.6. Èyí tí wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ 22.2. Òróró tí èyí ńlá ń tì pọ̀ jù, nítorí náà ẹsẹ̀ kì í wọlẹ̀ jìnnà kí búréèkì tó gbà. Ohun tí àwọn awakọ̀ fẹ́ràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì: agbára kan náà tí a bá fi ti písítìnì tó fẹ̀, á fọ́nká sí ojú tó pọ̀ jù. Ipá inú òróró á dín kù ní nǹkan bí ìdá 14 nínú 100. Ìyẹn ni pé máṣítà ńlá nìkan, pẹ̀lú sẹ́fò àtijọ́, á mú kí búréèkì le lẹ́sẹ̀, kí ọkọ̀ sì lọ́ra láti dúró bí awakọ̀ kò bá tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan.

Ẹ yí i padà. Sẹ́fò ńlá nìkan, pẹ̀lú máṣítà kékeré: ẹsẹ̀ á fúyẹ́ jù. Ìfọwọ́kàn díẹ̀, táyà ti há. Lórí ilẹ̀ pupa wa tó ní òkúta wẹ́wẹ́, tàbí lórí ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí lẹ́yìn òjò, táyà tó há kò lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì mọ́. Ó kàn ń yọ̀ lọ ni. Ẹ ti rí i báyìí pé wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu. Sẹ́fò tó tóbi ló ń dá agbára tí máṣítà tó fẹ̀ dín kù padà.

Ibo la ti máa rí wọn? Ibi tó dára jù ni ara ọkọ̀ tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ti yín: Golf fún Golf, 205 fún 205, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi jù. Àwọn tó ṣe é ti ṣírò wọn pọ̀ kí wọ́n tó kan bóòtù. Àwọn ará wa ń dé Kútọnu, àwọn mìíràn ń kọjá lọ sí ọjà Ládípò ní Mushin ní Èkó, níbi tí àlòkù tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù ti kún. Sẹ́fò àlòkù lè dára. Ẹ mì í: tí òróró bá ń dún nínú rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ wo ihò ẹnu rẹ̀: tí ó bá ti dógùn-ún, ẹ gbé e sílẹ̀. Ṣùgbọ́n máṣítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra tuntun. Rọ́bà inú máṣítà tó ti gbẹ sórí àtẹ fún ọdún púpọ̀ lè má jò lọ́jọ́ tí ẹ dè é, kí ó wá já yín kulẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ọ̀pá tó ti inú sẹ́fò jáde tó ń ti písítìnì máṣítà, ààyè bíńtín gbọ́dọ̀ wà láàrin wọn. Bí kò bá sí ààyè rárá, búréèkì kò ní tú sílẹ̀ tán. Táyà á gbóná, òróró á hó. Bí ààyè bá pọ̀ jù, ẹsẹ̀ á wọlẹ̀ lórí òfo kí búréèkì tó gbà. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú bù ú.

Ìkejì, ẹ yọ afẹ́fẹ́ inú máṣítà lórí tábìlì kí ẹ tó dè é mọ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ yọ ti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe tò ó. Afẹ́fẹ́ tó kù nínú páìpù ló ń jẹ́ kí búréèkì rọ̀ bí kànìnkànìn.

Ìkẹta, fáàfù kékeré tó ń dín agbára búréèkì ẹ̀yìn kù, tí wọ́n máa ń so mọ́ abẹ́ ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ kan, ẹ má yọ ọ́ sọnù. Bí táyà ẹ̀yìn bá há ṣáájú ti iwájú, ìdí ọkọ̀ á yí wá síwájú, ọwọ́ kò ní lè gbà á mọ́. Bí ẹ bá sì ti fi agbára kún búréèkì, fáàfù yẹn ṣe pàtàkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Òróró ńkọ́? Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí lára ni ti àwọn ọkọ̀ yìí. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé 205 lórí ìwọ̀n Celsius. Ti DOT 4 jẹ́ 230. Ṣùgbọ́n òróró yìí ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, àgàgà ní ilẹ̀ bíi tiwa tí òjò ń pọ̀. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ìwọ̀n yẹn lè já wá sí 140 fún DOT 3, 155 fún DOT 4. Òróró tó ń hó ń di oru bí afẹ́fẹ́, oru yẹn sì ń fún pọ̀. Ẹ ó tẹ búréèkì, ẹsẹ̀ á kan ilẹ̀ ọkọ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Kí ẹnikẹ́ni má da epo ẹ́ńjìnnì tàbí omi ọṣẹ sínú ike náà nítorí pé òróró tán lójú ọ̀nà. Epo ẹ́ńjìnnì ń mú kí rọ́bà wú, ó sì ń ba ti máṣítà àti ti ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, ẹ má gbé èrò. Ẹ wá ojú ọ̀nà tó tẹ́jú tí kò sí èèyàn, ẹ fi eré kìlómítà 20 ní wákàtí kan bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 40. Ẹ wò ó bóyá ọkọ̀ ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fọwọ́ kan ìdí táyà lẹ́yìn ìrìn díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ọ̀kan gbóná ju àwọn yòókù lọ. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé ó dọ́gba ni kí ẹ tó padà sí ibùdókọ̀.

Àṣà kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Epo bẹntiróòlù wọ́n, ì báà jẹ́ kpayo, epo ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn awakọ̀ kan máa ń pa ẹ́ńjìnnì bí wọ́n bá dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Ẹ rántí ohun tí a sọ: ẹ́ńjìnnì ló ń fa afẹ́fẹ́ sẹ́fò. Bí ẹ bá pa á, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ á gbé yín fún ìtẹ̀ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, búréèkì á le bí òkúta, ẹsẹ̀ yín nìkan ló sì kù láti dá èèyàn méje àti ẹrù wọn dúró. Sẹ́fò tí ẹ fi owó ńlá rà, ẹ ti fọwọ́ ara yín pa á.

Eré náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò rìn lẹ́yìn tí a bá ti tẹ búréèkì kí ó tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tó wà lórí eré 80 ń rin mítà 22 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹsẹ̀ tiẹ̀ tó kan búréèkì. Kò sí sẹ́fò tó lè dá mítà yẹn padà.

Ẹ̀yin èrò, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí awakọ̀ tó ń tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin kí ọkọ̀ tó dúró, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ wà nínú òróró, tàbí pé máṣítà ti ń lọ. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Awakọ̀ tó mọ̀ pé búréèkì òun ń rọ̀, tó sì ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ọjà, iná ń bẹ lórí òrùlé rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, àyẹ̀wò ìjọba tí gbogbo wa ń pè ní visite technique ní ọjọ́ tirẹ̀. Búréèkì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ tó kù. Ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó gbé èrò àkọ́kọ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a kà lẹ́sẹẹsẹ yìí. Bí ọkọ̀ yín bá yege, ẹ máa lọ ní àlàáfíà, ẹ má náwó tí kò pọn dandan. Bí kò bá yege, ẹ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe kí ẹ tó ronú ohun tó tóbi. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ fi èyí tó tóbi síi, kí sẹ́fò àti máṣítà wọlé pọ̀, kí ó sì jẹ́ ọ̀gá tó mọ ìwọ̀n ọ̀pá wọn ni yóò dè wọ́n.